Ṣé O Mọ̀? Oyè Ọ̀mọ̀wé fún Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́ ní Agbègbè Trade Fair

Ṣé o mọ̀ pé títì Badagry tó gba ẹnu Trade Fair kọjá, títì ìmọ̀ ni? Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Mile 2, tó dorí kọ Sẹ̀mẹ̀, yóò kọjá Festac àti Trade Fair kí ó tó kan Lagos State University, LASU, ní Ọ̀jọ́, èyí tí ìjọba Lateef Jakande dá sílẹ̀ ní 1983. Bí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú, yóò kan Ìjànikin, níbi tí National Postgraduate Medical College of Nigeria wà. Àdúgbò yẹn náà ni Lagos State University of Education wà, èyí tó di yunifásítì ní 2022. Ní Tòpó, lẹ́bàá Badagry, ni ASCON, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wà láti 1973.

Síbẹ̀, bí o bá bi òṣìṣẹ́ báǹkì ní Festac, tàbí olùkọ́ girama ní Amuwo-Odofin, tàbí ẹni tó ń bá oníṣòwò gba kọ̀ńtéńà jáde ní èbúté Tin Can, pé kí ló dé tí kò lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé, yóò ní àwọn tó ráyè ló wà fún. N kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ohun mẹ́ta ni oyè yìí ń béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́: ìwé tó pé, àkókò tí ẹnikẹ́ni kò ní bá a pín, àti ìbéèrè kan tí ó mọ́ níwọ̀n, tó ṣeé wádìí. Ìbéèrè yẹn, tí àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń wá kiri, òṣìṣẹ́ sábà máa ń ní in nínú iṣẹ́ rẹ̀ láìfura.

Ṣé o mọ̀ pé o kò ní ṣe ìdánwò JAMB kí o tó wọlé, ṣùgbọ́n wọn yóò béèrè èsì WAEC rẹ? Kódà bí o ti ní másítà, tí irun orí rẹ sì ti ń funfun, ilé-ẹ̀kọ́ ṣì fẹ́ rí kírẹ́díìtì márùn-ún, kí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ló tún máa ń béèrè ìwé-ẹ̀rí àgùnbánirọ̀, tàbí ìwé tó fi hàn pé ìjọba yọ̀ǹda rẹ. Obìnrin tí orúkọ rẹ̀ yí padà lẹ́yìn ìgbéyàwó yóò wá ìwé ìbúra kóòtù àti ìkéde inú ìwé ìròyìn mọ́ ọn. Àmọ́ èyí tó ń dá èèyàn dúró jù lọ ni tíránsíkírípìtì. Ìwọ kọ́ lo máa mú un lọ́wọ́ lọ. Yunifásítì tí o ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ni yóò fi ránṣẹ́ sí èyí tí o fẹ́ wọ̀, oṣù sì lè gun orí oṣù kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá ń gbèrò àtiwọlé, tíránsíkírípìtì ni kó kọ́kọ́ tọrọ, kó tó ra fọ́ọ̀mù rárá. Kó sì wá àwọn olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ rí nígbà tí wọn kò tíì fẹ̀yìn tì, torí àwọn ni yóò kọ̀wé jẹ́rìí sí i.

Ṣé o mọ̀ pé másítà kan kì í ṣe ẹgbẹ́ òmíràn? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń kọsẹ̀. Másítà kan wà tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń kọ́ ní alẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀, tí ìwádìí inú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀. Ó dára fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, kì í ṣílẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé fún èèyàn. Másítà oníwàádìí ni wọ́n ń fẹ́. Ó dùn mí pé kì í sábà sí ẹni tó ń sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ tó ń sanwó. Máàkì náà tún ń bẹ ńbẹ̀. Ní University of Ibadan, ẹni tó bá gba 60 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú másítà lè wọ ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé tààrà. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré díẹ̀ sí i yóò kọ́kọ́ gba ọ̀nà MPhil. Ọ̀nà náà jìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ló já sí.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá tilẹ̀ parí iṣẹ́ rẹ láàárín ọdún kan, wọn kò ní fún ọ ní oyè? Òfin ní iye àkókò tó kéré jù, ó sì ní èyí tó pọ̀ jù. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹni tó ń ṣe fúùlù-táìmù kò lè lo ohun tó dín ní ọdún 3, ẹni tó ń ṣe páàtì-táìmù kò lè lo ohun tó dín ní ọdún 4. Wò ó dáadáa: ọdún kan péré ló wà láàárín ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwé àti ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Bí ìgbà tó pọ̀ jù bá sì ti kọjá, ìwọ ni yóò kọ lẹ́tà bẹ̀bẹ̀ fún àfikún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orúkọ rẹ yóò kúrò nínú ìwé. Ìyanṣẹ́lódì kì í sì í béèrè ètò ẹnikẹ́ni. Ní 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yan iṣẹ́ lódì láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko lọ nínú ọdún kan. Ẹni tó bá ń ṣètò ọdún rẹ̀, kó fi àyè sílẹ̀ fún irú èyí.

Àkókò tó ṣe pàtàkì jù, inú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló wà. Ẹni tó mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 mọ ohun tí mò ń sọ. Nínú dánfó tó ń gbọ̀n, ìwé kò ṣeé kà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023, ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Mile 2 àti Marina, ìrìn kìlómítà 13. Ètò ìpele kejì ni pé kí ó dé Òkókomàíkò, kí ó sì ní ibùdókọ̀ ní Festac, ní Trade Fair àti ní LASU. Ẹni tó rí ibi jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ lè ka ojú ewé mẹ́wàá kí ó tó bọ́ sílẹ̀ ní Marina. Bí èyí bá di ti ojoojúmọ́, kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣé o mọ̀ pé orí-ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ kì í ṣe tìrẹ títí ìgbìmọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i? Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, kọ́ọ̀sì ló kàn, pàápàá lórí ọgbọ́n ìwádìí. Ẹ̀ka rẹ yóò fún ọ ní alábòójútó, ọ̀kan tàbí méjì. Ìgbà náà ni sẹ́mínà. Ìwọ yóò dúró níwájú àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ, wà á ṣàlàyé ohun tí o fẹ́ wádìí àti bí o ṣe fẹ́ wádìí rẹ̀, wọn yóò sì tú u wò fínnífínní. Bí ìwádìí náà bá kan èèyàn, ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò gbọ́dọ̀ fún ọ láṣẹ kí o tó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí o bá ti pápá dé, sẹ́mínà mìíràn ń dúró dè ọ́ lórí ohun tí o kó bọ̀.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ọjọ́ ìgbèjà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan yóò wá láti yunifásítì mìíràn, ẹni tí kò mọ ìsapá rẹ, tí kò sì ní ìdí láti ṣojúure fún ọ. Ìwé tí o kọ nìkan ló mọ̀. Mo fẹ́ràn apá yìí gan-an nínú ètò náà, torí ó jọ fírídọ́ọ̀mù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa: ọ̀gá rẹ nìkan kọ́ ló ń sọ pé o ti mọṣẹ́, ẹgbẹ́ ló ń péjọ sọ ọ́. Ọjọ́ ìgbèjà kọ́ sì ni òpin. Wọn yóò fún ọ ní àtúnṣe láti ṣe, wọn yóò yẹ àtúnṣe náà wò, wà á di ìwé náà pọ̀ bí òfin ṣe wí, àbájáde yóò sì gba ọ̀dọ̀ Postgraduate School lọ sọ́dọ̀ Sẹ́nétì. Ìgbà tí Sẹ́nétì bá fọwọ́ sí i ni o tó di ọ̀mọ̀wé. Àwọn kan gbèjà iṣẹ́ wọn tán, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ oṣù, wọ́n sì jẹ́ kí àtúnṣe náà wà nílẹ̀ títí ó fi di gbèsè lọ́rùn wọn.

Bí mo bá ní ohun kan láti tẹnu mọ́ fún òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ alábòójútó ni. Akẹ́kọ̀ọ́ fúùlù-táìmù ń pàdé alábòójútó rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ilé ìkàwé, níbi sẹ́mínà ẹlòmíràn. Òṣìṣẹ́ kì í pàdé rẹ̀ níbì kankan. Nígbà tí ìṣírò ìparí ọdún bá dé sí ọ́fíìsì, yóò pòórá fún oṣù mẹ́ta, ojú yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í láti padà wá. Ìtìjú yìí ti pa iṣẹ́ ìwádìí púpọ̀ ju àìmọ̀wé lọ. Fi ojú ewé méjì ránṣẹ́ sí alábòójútó rẹ lóṣooṣù, ìbáà má dùn ún kà.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó jí yunifásítì kan dìde kúrò nínú òkú ló padà di akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀? Ní 1983 ni ìjọba Shehu Shagari dá National Open University sílẹ̀, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè kàwé láti ilé rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1984, ìjọba ológun Muhammadu Buhari ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Ó di 2001 kí ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó tún un ṣí, tí a fi ń pè é ní NOUN títí dòní. Ọbásanjọ́ kúrò lórí oyè ní 2007, ó sì forúkọ sílẹ̀ ní NOUN láti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn Kírísítì. Kì í ṣe pé wọ́n ta á lọ́rẹ. Ó gba dípúlómà lẹ́yìn dìgírì, ó gba másítà, kí ó tó kan ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé.  Ní oṣù kejìlá 2017 ló gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni nígbà náà. Ní oṣù kìíní 2018 ni wọ́n fi oyè náà dá a lọ́lá, òun sì ni ọ̀mọ̀wé àkọ́kọ́ tí NOUN fúnra rẹ̀ bí. Ẹni tó wà lórí àga ààrẹ Nàìjíríà lọ́jọ́ yẹn ni Muhammadu Buhari.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni pé ó gba gbogbo ìpele náà láìfo ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ti fún un ní oyè ọ̀wọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè rọ́pò àwọn ìpele náà.

Ṣé o mọ̀ pé ní 2012, ní Keffi, àwọn gíwá yunifásítì Nàìjíríà fẹnu kò pé ẹni tí a bá fi oyè ọ̀mọ̀wé ọ̀wọ̀ dá lọ́lá kò gbọdọ̀ fi “Dr” ṣíwájú orúkọ rẹ̀? Ìpinnu náà wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n pátákó ìpolówó láti Mile 2 dé Ìyànà Ìbà fi hàn pé ọ̀pọ̀ kò tíì gbọ́. Ẹ̀bùn ni oyè ọ̀wọ̀, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ fún un bí ẹ̀bùn. Ẹni tó fi ọdún márùn-ún jí ní ìdájí gba tirẹ̀ yẹ kó ní ohun kan tó dá a mọ̀.

Ìtajà oyè tún wà tó burú jùyẹn. Ní ìparí 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan fi hàn bí òun ṣe gba dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kútọnu láàárín oṣù méjì, tí òun sì fi dé àgọ́ àgùnbánirọ̀. Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà dá gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Ìwé irọ́ ẹni díẹ̀ kó bá àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ gidi ní yunifásítì bíi Abomey-Calavi, tó ti wà láti 1970. Títì tiwa yìí ló já sí Sẹ̀mẹ̀, ẹnubodè tí ọ̀nà Kútọnu gbà. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé oyè ọ̀mọ̀wé wà lọ́hùn-ún tí kò ní sẹ́mínà, tí kò ní olùdánwò láti ìta, tí kò gba ọdún, kó béèrè ohun tó kù nínú rẹ̀ tó fi ń jẹ́ oyè.

Ṣé o mọ̀ pé kíkánjú òṣìṣẹ́ ti ba oyè ẹni ńlá jẹ́ rí? Martin Luther King ti di olùṣọ́ àgùntàn ìjọ Dexter Avenue ní Montgomery ní 1954, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Boston University kò tíì parí. Ó ń wàásù, ó ń ṣàbẹ̀wò sí àwọn ọmọ ìjọ, ó sì ń kọ̀wé. Ó gba oyè náà ní oṣù kẹfà 1955. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn ni àwọn ènìyàn dúdú Montgomery kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ní 1991, ìgbìmọ̀ yunifásítì náà rí i pé ó mú ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn sínú ìwé náà láìdárúkọ wọn bó ṣe yẹ. Wọn kò gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà kan mọ́ ìwé náà nílé ìkàwé. Ti Karl-Theodor zu Guttenberg, mínísítà ètò ààbò Jámánì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kọ ìwé ọ̀mọ̀wé rẹ̀ nígbà tó ń ṣe aṣòfin, tó ń tọ́ ọmọ; nígbà tí wọ́n ká ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ní ọdún púpọ̀ lòun fi ń kọ ọ́ mọ́ iṣẹ́ àti ilé. Yunifásítì Bayreuth gba oyè náà padà ní 2011, ó sì fi ipò mínísítà sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta. Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń yẹ ìwé wò ní yunifásítì wa kí olùdánwò tó rí i. Àwọn méjèèjì ni mo fi ń rántí pé kí òṣìṣẹ́ kọ orúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó kà á gan-an, torí oṣù mẹ́fà lè kọjá kí ó tó tún ṣí ìwé náà, kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ní ilẹ̀ Japan, èèyàn lè di ọ̀mọ̀wé láìjókòó ní kíláàsì rárá? Shuji Nakamura ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Nichia, ní Tokushima. Ní 1988 ó lọ sí University of Florida fún ọdún kan, àwọn olùwádìí ibẹ̀ sì ń lò ó bí ọmọ iṣẹ́ nítorí pé kò ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ó padà sílé, ó ń ṣe ìwádìí fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ó ń tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, yunifásítì Tokushima sì fi àwọn iṣẹ́ wọ̀nyẹn fún un ní oyè ní 1994. Iná búlúù tó ń tàn láti inú LED ló ń wá. Òun àti àwọn méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2014. Ní Denmark, láti 1971 ni ètò kan ti wà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣiṣẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú ilé-iṣẹ́ tó gbà á, tí ilé-iṣẹ́ ń sanwó oṣù rẹ̀, tí yunifásítì ń bójú tó ìwádìí.

Ó yẹ kí a béèrè ìdí tí irú rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Síbẹ̀, àpẹẹrẹ kan wà ní Ìjànikin tí mo mẹ́nu bà. Òfin 1979 ló fìdí National Postgraduate Medical College, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn dókítà yẹn, múlẹ̀. Dókítà tó fẹ́ di ọ̀gá nínú iṣẹ́ abẹ tàbí ìtọ́jú ọmọdé kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀. Inú ilé-ìwòsàn ló ti ń kọ́ ọ, ó ń tọ́jú aláìsàn lọ́sàn-án àti lóru, ó ń ṣe ìdánwò ní ìpele ìpele, ó sì ń kọ ìwé ìwádìí tí yóò gbèjà kí ó tó gba oyè fellow. Àwọn dókítà ti so ìwádìí mọ́ iṣẹ́ oṣù. Mo rò pé àwọn ẹgbẹ́ olùkọ́, ti àwọn olùṣírò owó àti ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ èbúté lè ronú irú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Grace Alele-Williams ti kọ́ni ní Queen's School, Ẹdẹ, kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà? Ní 1963 ni University of Chicago fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, ó sì di obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ní 1985 ó di gíwá University of Benin. Enoch Adeboye ń kọ́ni ní ìṣirò ní UNILAG, ó sì ń túmọ̀ ìwàásù fún olùdásílẹ̀ ìjọ Redeemed, nígbà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ níbẹ̀ ní 1975. Brian May, onígìtá ẹgbẹ́ Queen ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ìwádìí lórí eruku ojú òfurufú sílẹ̀ nígbà tí orin gbé e lọ. Ó padà sí i lẹ́yìn ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, Imperial College sì fún un ní oyè ní 2007. Ti Ingeborg Rapoport ló wọ̀ mí lára jù. Ó ti kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ lórí àrùn ọ̀nà ọ̀fun àwọn ọmọdé tán ní Hamburg ní 1938, àwọn Násì sì kọ̀ kí ó gbèjà rẹ̀ nítorí pé Júù ni ìyá rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dókítà àwọn ọmọdé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní 2015, àwọn olùdánwò láti Hamburg lọ bá a nílé rẹ̀ ní Berlin, wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn, wọ́n sì fún un ní oyè. Ẹni ọdún 102 ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé oyè yìí nìkan ni ìwọ̀n ọgbọ́n. Wọlé Ṣóyínká, tó gba Nobel ní 1986, kò jókòó ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni Koichi Tanaka, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Shimadzu, tó gba Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2002 pẹ̀lú dìgírì àkọ́kọ́ péré.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti kọ nípa Trade Fair fúnra rẹ̀ nínú ìwé ńlá? Ilé-iṣẹ́ Energoprojekt ti ilẹ̀ Yugoslavia ló kọ́ ọ, Zoran Bojović ló ya àwòrán rẹ̀, ní 1977 ni wọ́n ṣe ìpàtẹ ọjà àgbáyé àkọ́kọ́ níbẹ̀. Łukasz Stanek, onímọ̀ ìtàn ilé kíkọ́, fi Èkó ṣe ọ̀kan nínú ìlú márùn-ún tó wádìí nínú ìwé rẹ̀, Architecture in Global Socialism, tó jáde ní 2020. Ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ òrùlé yẹn láàárọ̀ ń gbé nínú ohun tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wá láti òkèèrè láti wò. Festac náà bẹ́ẹ̀. Àwọn àlejò tó wá síbi àjọ̀dún àṣà ilẹ̀ adúláwọ̀, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì 1977, ni wọ́n kọ́ ọ fún. Àkójọ ìwé àti fọ́nrán àjọ̀dún náà wà lọ́wọ́ CBAAC, ibùdó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Èkó láti tọ́jú wọn, ibẹ̀ sì ni olùwádìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọjà gan-an wá ńkọ́? Ní ASPAMDA, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, àti ní ọjà Balogun Business Association, ọmọdé kan yóò wá bá ọ̀gá, yóò sìn ín fún ọdún mélòó kan, ọ̀gá yóò sì fún un lówó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ètò àwọn Igbo yìí ni Ndubuisi Ekekwe kọ̀wé lé lórí nínú Harvard Business Review ní 2021. Robert Neuwirth ti sọ̀rọ̀ nípa irú rẹ̀ ní ọjà Alábá, lórí pèpéle TED, ní 2017.  Àyè ṣì wà fún ẹni tó mọ ọ̀gá mélòó ló mú àdéhùn ṣẹ, ẹni tó lè wo ìwé ìṣirò owó tí a kì í fi han àlejò. Ẹni náà lè jẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń ṣí àkáǹtì fún wọn. Adéboyè Babalọlá, olùkọ́ àti lẹ́yìn náà olórí ilé-ẹ̀kọ́ Igbobi College ní Yaba, kò lọ wá ohun tí yóò wádìí lókèèrè. Ìjálá àwọn ọdẹ Yorùbá ni ó gbà sílẹ̀, tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1966.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda ní kíkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Àṣírí oníbàárà kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé náà. Bí o bá jẹ́ ọ̀gá àwọn tí o ń bi léèrè ọ̀rọ̀, wọn kò ní lè sọ òótọ́ fún ọ fàlàlà. Ìgbìmọ̀ yóò béèrè bí o ṣe fẹ́ yanjú ìyẹn, kí o sì ní ìdáhùn.

Owó ló kù. TETFund ń ran àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lọ́wọ́, kò kan òṣìṣẹ́ aládàáni. PTDF ń ran àwọn tí ìwádìí wọn bá jẹ mọ́ epo àti gáàsì lọ́wọ́, nílé àti lókè òkun. Ẹni tó ti ń ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé nílé sì lè béèrè fún ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Commonwealth tí wọ́n ń pè ní split-site, tó lè gbé e lọ sí yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún oṣù 12 láìfi tilé sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè tọrọ ìsinmi ìkẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú owó oṣù tàbí láìsí owó oṣù. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbà láti sanwó fún ọ yóò ní kí o tọwọ́ bọ̀wé pé wà á sìn ín fún iye ọdún kan lẹ́yìn tí o bá parí. Ka gbólóhùn tó sọ iye tí wà á dá padà bí o bá kúrò ṣáájú àkókò, kí o tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.